Páálí Tó Wà Lára Ògiri Ọ́fíìsì Mi

Ìwé tí Dàmọ́lá nà sí mi lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé mọ́ tónítóní. Kò sí ojú ìká kankan lára rẹ̀, mo sì fura sí i lójú ẹsẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò tí èèyàn gbà ní Èkó, tó gbé wá sí Ìkéré nínú báàgì, tó fi han pásítọ̀, tó fi han ìyá ìyàwó, tó fi han gbogbo ẹni tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ẹbí, ó yẹ kó ti gbó díẹ̀. Èyí ń dán. Wọ́n kọ AA sí i gàdàgbà. Mo gbé e sókè sí fèrèsé, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo wo òǹtẹ̀ rẹ̀, mo tún gbé e súnmọ́ imú.

"Mà, ṣé ẹ ń gbóòórùn ẹ̀ ni?" Yétúndé, ọmọbìnrin tí Dàmọ́lá fẹ́ fẹ́, ló béèrè. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mò ń gbóòórùn ẹ̀," ni mo dá a lóhùn. "Tí irọ́ bá wà níbẹ̀, yóò máa rùn."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ má bínú sí mi. Afura èèyàn ni mí, iṣẹ́ ló sì sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní páńsá ò fura, páńsá já sí iná; àjà ò fura, àjà jìn. Èmi ti jìn lẹ́ẹ̀kan rí. N óò sọ ìyẹn láìpẹ́.

Adámọ̀ràn lórí jínótáìpù ni mí. Ọ́fíìsì mi wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkéré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí wọ́n ti ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ rí tí ẹkún ọmọdé kò gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Ìkéré, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré ló máa ń darí àwọn tó fẹ́ gbéyàwó sí mi. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń ka orúkọ wọn síta lọ́jọ́ Ìsinmi kí ìgbéyàwó tó wáyé, wọn kì í sì í ka ẹ̀ẹ̀kẹta láìjẹ́ pé mo ti fọwọ́ sí ìwé wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pè mí ní Ìyá Atúka. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi lọ́jà: "Ìyá Atúka ló ń lọ yẹn o." Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, n óò ra ata mi, n óò sì máa lọ sílé.

Èmi kì í tú ẹnikẹ́ni ká. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ fún wọn. Olúkúlùkù wa gba nǹkan méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tó gba A méjì, AA ni. Ẹni tó gba A kan àti S kan, AS ni, ara rẹ̀ le, kò ní wàhálà kankan. Ẹni tó gba S méjì, SS ni, òun ló ní àìsàn tí àwọn bàbá wa ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde, tí egungun yóò máa ro ó bí ẹni tí wọ́n ń lù. Bí AS bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí SS. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn.

Kí ó lè rọrùn, mo ra páálí ńlá kan, mo fi bírò pupa àti aláwọ̀ ojú ọ̀run kọ ọ́ sí ìlà mẹ́fà: bí bàbá bá jẹ́ báyìí, tí ìyá sì jẹ́ báyìí, irú ọmọ tí wọ́n lè bí rèé. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ọ̀gangan àga tí àlejò máa ń jókòó sí. Inú mi dùn sí páálí yẹn ju ìwé ẹ̀rí mi lọ. Kò sí ẹni tó jókòó sórí àga yẹn tí kò ní í kà á.

Ẹnu iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe ibi tí ẹ̀rín ti ń gbẹ. Ọkùnrin kan láti Ìjàn wá bá mi, ó ní, "Mà, AS ni mí nígbà tí mo wà nílé ìwé girama, bóyá ó ti yí padà báyìí. Mo ti ń jẹun dáadáa." Mo bi í pé ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ti di mẹ́ta ni. Ìyá kan láti Ẹmùré gbé iṣu mẹ́rin wá fún mi, ó ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o, uṣu rèé, ẹ bá mi fi A kan sí ti ọmọ mi." Mo dá uṣu rẹ̀ padà. Ó sunkún, ó sì bú mi.

Nọ́ọ̀sì ni mí tẹ́lẹ̀, ní Ẹmùré. Àbúrò mi ọkùnrin ló sún mi dé ibi tí mo wà lónìí. SS ni. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó kú, kò sì sí ẹnì kan tó jókòó ti bàbá àti ìyá mi rí láti sọ fún wọn ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wọn ni pé ọ̀tá ń bẹ nínú ẹbí. Ìyá mi kò bá ìyàwó àbúrò bàbá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi wọ káà ilẹ̀, nítorí ohun tí obìnrin yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju ikú gan-an lọ. Ni mo bá forí lé Ìbàdàn láti lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, mo ti lé lógójì ọdún, mo jókòó láàárín àwọn tí mo lè bí.

Olùkọ́ wa níbẹ̀ jẹ́ obìnrin àgbà kan tí a ń pè ní Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Òun ló kọ́ wa bí a ṣe ń ya ìdílé sórí ìwé: igun mẹ́rin fún ọkùnrin, òbìrí roboto fún obìnrin, kí a kun èyí tó ń ṣàìsàn ní dúdú, kí ìlà tó ṣe tààrà wá láti ọ̀dọ̀ òbí sọ́dọ̀ ọmọ tó bí. Bó bá jẹ́ ọmọ àgbàtọ́, ìlà tí a gé sí gégé-gégé ni. Ó rí i pé mo máa ń da ìbéèrè bo àwọn èèyàn. Lọ́jọ́ kan ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìfura dára nínú iṣẹ́ wa," ó ní. "Ṣùgbọ́n kí o tó béèrè ọ̀rọ̀, kọ́kọ́ bi ara rẹ bóyá o mọ ohun tí o máa fi èsì ẹ̀ ṣe."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Mà." Irọ́ ni mo pa. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọdún kejì tí mo dé Ìkéré ni mo jìn. Tọkọtaya kan wá láti Àìsẹ̀gbà. Obìnrin jẹ́ AS. Mo pe orúkọ ọkùnrin, ẹnì kan dáhùn, ó dé fìlà, ó na apá, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, AA. Mo fọwọ́ sí i, mo tún gbàdúrà fún wọn. Nígbà tí wọ́n padà wá, ọmọ wà lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ náà wú bíi bọ́ọ̀lù, kò ṣe é fọwọ́ kàn. Mo wo bàbá ọmọ, mo ní, "Ta nìyí?" Torí pé mi ò rí i rí láyé mi! AS ni òun náà; ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rán wá fa ẹ̀jẹ̀ nípò ara rẹ̀. Ó wólẹ̀ sórí símẹ́ńtì, ó ń sọ pé ìfẹ́ ló sún òun dé bẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò wò ó. Èmi ló ń wò. Ojú tó fi wò mí yẹn, mo ṣì ń rí i.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gba ìwé ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Mo máa ń wo ojú, mo máa ń wo káàdì ìdìbò, ọwọ́ mi ni mo sì fi ń gba ẹ̀jẹ̀ fúnra mi. Bí ọmọ bíṣọ́ọ̀bù bá wá, n óò ní kó ṣí fìlà.

Irú ẹni tí Dàmọ́lá bá lọ́jọ́ tó gbé ìwé tó ń dán wá nìyẹn. Fèrèsé àti ilẹ̀kùn alumíníọ́ọ̀mù ló ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Adó. Ọmọ ìlú Ọ̀rùn ni, wọ́n tọ́ ọ dàgbà ní Èkó, òun àti ìyá rẹ̀ sì padà wálé lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Yétúndé jẹ́ AS, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ti ka orúkọ wọn lẹ́ẹ̀mejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ku ọjọ́ Ìsinmi kan. Mo mú bébà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìdílé Dàmọ́lá.

"Bàbá rẹ, kí ni jínótáìpù wọn?"

"Mi ò mọ̀, Mà. Wọn ò ṣàìsàn."

"Màmá rẹ ńkọ́?"

Ó rọra gbéra sókè lórí àga bí ẹni tó fẹ́ sọ oyè. "SS ni màmá mi, Mà. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún. Dókítà ní Èkó máa ń pe àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kí wọ́n wá wò wọ́n. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń gbé wọn pọ̀n lọ sí ọsibítù. Èmi ni mò ń pín oògùn wọn, àárọ̀ àti ọ̀sán. Ìdí tí mo fi tètè lọ ṣàyẹ̀wò nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ní AA ni mí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí láàbù, mo dúpẹ́."

Mo gbé bírò sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó. Ìyá tó jẹ́ SS, S nìkan ló ní láti fún ọmọ. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ nìkan ló gbìn sóko, kò lè wa iṣu níbẹ̀ bọ́ ọmọ. Ọmọ tí SS bá bí, ó di dandan kí S kan ó kéré tán wà lára rẹ̀. Kò lè jẹ́ AA láéláé. Nítorí náà, nínú ọkàn mi, mo ti mú olè. Mo ní, á à, ọmọ yìí mọ̀ pé AS ni òun, ó rí i pé AS ni ìyàwó òun náà, ó lọ ra ìwé ní Èkó. Mo wo Yétúndé tó jókòó síbẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan, mo sì rí ọmọ Àìsẹ̀gbà yẹn tí ọwọ́ rẹ̀ wú.

Mi ò sọ ọ́ jáde. Mo kàn ní, "Ṣí fìlà ẹ. Mú káàdì ìdìbò wá. Na apá."

Ó na apá, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fúnra mi, mo tẹ̀lé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ láàbù wa, mo dúró tì í. AA.

Mo fura sí ọmọ láàbù. Mo bi í bóyá òun àti Dàmọ́lá jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, "Mà, Mùsùlùmí ni mí." Mo tún pe Dàmọ́lá padà lọ́jọ́ kejì, mo gba òmíràn, mo fi ránṣẹ́ sí Adó. AA.

Mo fura sí i pé bóyá wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí i lára láìpẹ́ yìí. Ìyẹn lè da èsì rú. Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní wọn ò fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun. Mo wá fura sí ìyá. Mo ní bóyá obìnrin náà kì í ṣe SS rárá, bóyá làkúrègbé ló ń dà á láàmú. Mo ní kí ó mú káàdì ọsibítù màmá rẹ̀ wá. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹrin, ó mú un wá. Káàdì náà ti gbó, ó ti ya ní ìdí, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ níbi mẹ́ta, ọwọ́ dókítà bíi mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. SS. SS. SS. Irú ìwé tí mo máa ń gbàgbọ́ gan-an nìyẹn.

Kò sí ẹni tó purọ́ lórí bébà kankan. Ọmọ náà jẹ́ AA, ìyá náà jẹ́ SS, òótọ́ ni méjèèjì. Èyí tó kù tí kì í ṣe òótọ́ kò sí nínú ìwé. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí létí. Mo ti béèrè, mo ti rí èsì, mi ò sì mọ ohun tí mo máa fi ṣe. Ìgbéyàwó yìí kò léwu kankan, AA ló fẹ́ AS, mo ti lè fọwọ́ sí i láti ọjọ́ kejì.

Mo kó fáìlì náà pọ̀ wéré-wéré. "Ó ti tán, Dàmọ́lá. AA ni ọ́. Mo fọwọ́ sí i. Ẹ lọ ṣe ìgbéyàwó yín láyọ̀."

Kò gba ìwé náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi. Ó dúró níwájú ògiri, ó ń fi ìka tọ páálí mi, láti ìlà kan dé èkejì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pè é wá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti mú un jókòó síwájú páálí yẹn láìsí ohun mìíràn tí yóò máa wò.

"SS àti AA, gbogbo ọmọ AS," ó kà á sókè. "SS àti AS, AS tàbí SS. SS àti SS, gbogbo ẹ̀ SS." Ó yíjú padà. "Mà, níbo ni èmi wà nínú páálí yìí?"

Ọmọ ọwọ́ kan ń ké ní yàrá kejì. Mo fẹ́ sọ pé páálí ti pẹ́, pé ìmọ̀ tuntun ti dé. Èmi tí mò ń gbóòórùn irọ́ lára ìwé ẹlòmíì!

"Jókòó," ni mo rí sọ.

"Mi ò jókòó. Ẹ ti mọ̀ láti ìjọ́sí. Ìdí tẹ́ ẹ fi ń gba ẹ̀jẹ̀ mi ní àgbàtúngbà nìyẹn. Ṣé wọ́n jí mi gbé ni?"

"Dàmọ́lá, mi ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀. Irọ́ ni mo rò pé ò ń pa."

"Ẹ bá mi sọ fún pásítọ̀ kí wọ́n má ka orúkọ mi lọ́jọ́ Ìsinmi," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mi ò lè gbé orúkọ tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i fún ọmọ ọlọ́mọ."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó fún mi láyè kí n lọ rí màmá rẹ̀, pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kò ṣe é jù lu èèyàn bí òkò, pàápàá ẹni tí ìbànújẹ́ lè dá dùbúlẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n èmi náà ti ń fura báyìí."

Lọ́jọ́ kejì mo wọ mọ́tò dé Ìsẹ̀, mo gun ọ̀kadà dé Ọ̀rùn. Iwájú ilé ni ìyá rẹ̀ ń ránṣọ, yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ló ń ran. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, funfun ojú rẹ̀ pọ́n bí ti àwọn SS ṣe máa ń pọ́n. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ni Ìyá Atúka."

"Èmi ni, Mà. Ẹ kú uṣẹ́."

"Mo mọ̀ pé ẹ máa wá. Ẹ wá sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ti ba ọmọ mi jẹ́, kò lè fẹ́ ọmọ tó fẹ́ fẹ́."

"Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín mọ́."

"Kí lẹ wá ń wá nílé mi nígbà náà?"

"Ó mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, Mà."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Kò wò mí. Ó ń fi ọwọ́ pa ìrépé aṣọ náà bí ẹni ń pa orí ọmọ. Lẹ́yìn náà ó béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ta ló sọ fún un?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Páálí kan wà lára ògiri mi. Ó kà á."

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún un nìyẹn."

"Èmi ni," mo ní, mo sì kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀ níbẹ̀, èmi àti ọjọ́ orí mi. Ojú tì mí gidigidi. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni obìnrin yìí fi mọ ògiri yí ọ̀rọ̀ kan ká, èmi fi bírò pupa wó o lulẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà dúró. Dàmọ́lá ló sọ̀kalẹ̀. Kò kí mi. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ lọ di ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ìdí tí mo fi tẹ̀lé yín nìyẹn." Ó wá kọjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi. Ta ló bí mi?"

Mo dìde, mo fẹ́ máa lọ. Ìyá náà ní kí n jókòó. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ tú u, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ ọ."

Ó wá sọ ọ́, ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Nínú ulé yìí ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sí. Mojí lorúkọ rẹ̀. Èmi ni aláìsàn. Èmi ni gbogbo wọn ń retí ikú rẹ̀, kódà ìyé mi ti ra aṣọ funfun pamọ́ dè mí. Mojí ló máa ń pọ̀n mí lọ sí ọsibítù, bó o ṣe ń pọ̀n mí yìí gan-an. Nígbà tó bí ọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Kó tó dalẹ́, ó ti lọ. Ẹni tí ara ẹ̀ le ló lọ, wọ́n fi èmi olókùnrùn sílẹ̀. Bàbá rẹ gbé ọ wá fún mi, ó ní òun ń lọ sí Kọ̀tọ́nú, òun ń bọ̀. Kò bọ̀. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí mo bá lóyún, mo lè kú. Mo wo ojú rẹ. Mo ní, ó dáa, mi ò gbọdọ̀ kú mọ́ báyìí. Nígbàkúùgbà tí ìrora bá dé, mo máa ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, ṣe sùúrù, ọmọ mi ò tíì wọ ilé ìwé. Lẹ́yìn náà mo ní, ṣe sùúrù, kò tíì kọ́ṣẹ́ tán. Ní báyìí mò ń sọ fún un pé, jọ̀ọ́, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó gbéyàwó."

"Bàámi tó kú ńkọ́?"

"Ọkọ mi mọ̀. Ó fẹ́ mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kò jẹ́ kó o mọ ìyàtọ̀ rí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù ni. Mo máa ń rò ó pé ọjọ́ tó o bá mọ̀, ìwọ náà á ní ò ń lọ, ò ń bọ̀."

Dàmọ́lá gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá wọ inú ilé lọ. Ìyá rẹ̀ di etí ẹ̀rọ ìránṣọ mú, omi ojú ń dà wọ́ọ́rọ́ sórí yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ. Èmi náà ń sunkún. Mo rò pé aṣọ rẹ̀ ló lọ kó.

Ó jáde padà. Ife omi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan. Ó ṣí ọwọ́ kejì, oògùn kéékèèké aláwọ̀ yẹ́lò wà nínú rẹ̀.

"Aago méjì ti kọjá, Màámi," ó ní. "Ẹ ò tíì lo tọ̀sán."

Ìyá rẹ̀ gbà á, ó lò ó. Dàmọ́lá dúró tì í títí ó fi mu gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Mà, ṣé ìwé tẹ́ ẹ ya ìdílé mi sí wà lọ́wọ́ yín?"

Mo yọ ọ́ nínú báàgì. Igun mẹ́rin tó dúró fún Dàmọ́lá wà nísàlẹ̀, òbìrí ìyá rẹ̀ tí mo kùn ní dúdú wà lókè, ìlà tààrà so wọ́n pọ̀.

"Ẹ ya òbìrí mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ti Màámi. Ẹ kọ Mojí sí i."

Mo yà á, mo kọ ọ́. Mo fa ìlà tààrà láti ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé bírò lé ìlà àtijọ́, mo fẹ́ gé e sí gégé-gégé bí òfin iṣẹ́ wa ṣe wí. Dàmọ́lá di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, Mà. Ẹ má gé e."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ka orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kẹta. Mo wà níbẹ̀, ìlà ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Ìyá rẹ̀ wọ aṣọ aláwọ̀ aró, ó jókòó ṣinṣin bí ọba.

Mo ti ká páálí mi kúrò lára ògiri. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé báyìí, èmi kì í sì í mú un jáde títí n óò fi gbọ́ ìtàn ìdílé ẹni tó wà níwájú mi tán. Mo ṣì ń fura o, ẹ má tan ara yín jẹ. Mo ṣì ń wo káàdì ìdìbò, mo ṣì ń ní kí wọ́n ṣí fìlà.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì máa ń wá sọ́dọ̀ mi láti mọ bí a ṣe ń ya ìdílé, mo sì máa ń mú àwọn fáìlì àtijọ́ tí mo ti bo orúkọ inú wọn fún wọn. Kò sí ọdún tí ọ̀kan nínú wọn kì í sáré wá bá mi, tí inú rẹ̀ ń dùn pé òun mú ọ̀gá níbi tó ti ṣì í.

"Mà, àṣìṣe wà níbí. Ẹ fa ìlà tààrà láti ọ̀dọ̀ SS sọ́dọ̀ ọmọ tó jẹ́ AA. Ẹ sì tún fún ọmọ kan ní ìyá méjì. Ṣé kí n gé ọ̀kan?"

"Mo mọ̀," ni mo máa ń sọ fún un. "Má gé e."